Ẹ̀gbà Ẹsẹ̀ Tí Màmá Mi Fọ̀

Gbàǹjo ni mo ti ra ẹ̀rọ tí mo fi ń wá irin nínú ilẹ̀. Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kó àwọn ẹrù àlòkù síta pé kí ẹni tó bá wù rà wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń du fíríìjì àti àga. Èmi lọ gbé ọ̀pá gígùn kan tó ní abọ́ pẹlẹbẹ nídìí, tó máa ń ké bó bá ti gbóòórùn irin. Ọ̀gá wa bi mí pé kí ni ìyá àgbà fẹ́ fi èyí ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi wá ọkọ tuntun. Mo sanwó, mo gbé ẹrù mi lọ.

Ní Under G, àdúgbò tí mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi mí ṣẹ̀sín títí ó fi sú wọn. Ìyá Onírin ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òrùka ìgbéyàwó bọ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, èmi ni wọ́n sáré wá pè, mo sì bá wọn rí i nínú iyẹ̀pẹ̀ kí omi ẹ̀bà wọn tó hó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí mi dáadáa. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ mi, n kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Òrùka kọ́ ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo rà á ṣá. Ìtàn kan ni. Màmá mi, tí wọ́n ń gbé ní agboolé bàbá wọn ní Ọ̀yọ́ títí di òní, máa ń sọ fún èmi àti àbúrò mi nígbà tí a wà ní kékeré pé ìyá àgbà tó tọ́ bàbá àwọn dàgbà máa ń wọ ẹ̀gbà idẹ sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbà náà wúwo débi pé bí ìyá àgbà bá ń ti oko bọ̀, ìró ẹsẹ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ agboolé, àwọn ọmọ wọn tó ti di ààfáà ní kí wọ́n bọ́ ẹ̀gbà náà, kí àwọn gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó yọ́ ọ, kó fi rọ búútà tí àwọn yóò máa fi ṣe àlùwàlá. Ìyá àgbà gba ẹ̀sìn. Wọ́n bọ́ ẹ̀gbà. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé e fún alágbẹ̀dẹ, wọn kò sì tà á. Wọ́n gbé e lọ sí oko, wọ́n rì í mọ́ abẹ́ igi irúgbá kan, wọ́n sì ń kírun márùn-ún lójúmọ́ títí wọ́n fi kú, láìsọ ibi tó wà gan-an fún ẹnikẹ́ni.

Màmá mi kì í sọ ìtàn náà tán kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo kàwé, àlọ́ ni mo kà á sí.

Oko náà ṣì wà, lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Ìpín tí bàbá màmá mi fún wọn ni. Igi irúgbá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti wó tipẹ́, kùkùté rẹ̀ ló kù. Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo sì ń rìn yí kùkùté náà ká díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ń ké, mò ń gbẹ́lẹ̀. Ìdérí ìgò ni. Agolo sàdíìnì ni. Ọkọ́ tó ti kán ni, ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, mo ti ń bú ara mi. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ ké ní ohùn tí kò tíì fi ké láti àárọ̀, ohùn tó nípọn, tí kò dáwọ́ dúró. Mo fi àdá gbẹ́ ẹ títí ihò náà fi gba apá mi dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀gbà méjì ni, wọ́n gbé ọ̀kan lé èkejì. Ó dúdú, ìpẹtà aláwọ̀ ewé bò ó, iyẹ̀pẹ̀ sì ti le mọ́ ọn lára. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Inú mi dùn, ojú sì tì mí burúkú, nítorí láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń pe ìyá mi ní òpùrọ́ nínú ọkàn mi.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi í sórí Wásáàpù àwa tí a ti fẹ̀yìn tì. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ọkùnrin kan pè mí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù dígí àti férémù ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé ó ń ra ohun àtijọ́ fún àwọn tó wà lókè òkun. Mo gbé ẹ̀gbà náà lọ bá a. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ìka kan ṣoṣo kàn án.

"Mọ́mì, ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án rárá. Ìdọ̀tí tó wà lára ẹ̀ yẹn, òun gan-an lọjà."

Ó dárúkọ owó. N kò ní pe iye rẹ̀ níbí. Kí ẹ ṣáà ti mọ̀ pé owó náà lè gbé èèyàn kan dé Mẹ́kà, kó sì gbé e padà wálé tẹrùtẹrù. Ó tún ní kí n má sọ fún ará mùsíọ́mù, nítorí òfin wà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe dárúkọ owó yẹn, màmá mi ni mo rí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ládùúgbò ti lọ Mẹ́kà tán, àwọn mìíràn lọ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá wa ṣe ìlérí, bàbá wa kú. Èmi náà ṣe ìlérí, owó ìfẹ̀yìntì mi sì ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Lọ́dọọdún, bí àwọn tó ń lọ Hájì bá ti fẹ́ gbéra, màmá mi á lọ kí wọn nílé-nílé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń sọ fún wọn: "Ẹ bá mi dárúkọ mi níbẹ̀."

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iléékéwú ní Ọ̀yọ́, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run ló san owó Mẹ́kà Màmá yìí. Ẹ jẹ́ ká tà á. Kí la fẹ́ fi idẹ kèfèrí ṣe?"

"Kèfèrí wo? Ẹni tó ti ń kírun kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ọ?"

"Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ṣé Màmá á lọ àbí wọn ò ní lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo gbà kí ọkùnrin náà wá sí Ọ̀yọ́, kó wá bá màmá mi fúnra wọn sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ni oko, àwọn náà ni wọ́n ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé ẹ̀gbà náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ wọn, mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ màmá mi, ìtìjú ni kí àlejò bá idẹ ní dúdú. Kí ọdún tó dé, kí ìyàwó tuntun tó wọlé, àwọn ọmọbìnrin á jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti kànìnkànìn fọ gbogbo ohun tó bá jẹ́ idẹ títí yóò fi máa kọ yẹ̀rì. Mo mọ èyí. Iṣẹ́ tí mo fi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni pé mo ń da ásíìdì sórí irin, nítorí náà mo mọ ohun tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe fún ìpẹtà. Síbẹ̀ mo fi ẹ̀gbà yẹn sọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá mo gbàgbé ni tàbí mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́ kó dá mi.

Ọkùnrin ará Takie dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, èmi náà ti wá sí Ọ̀yọ́ láti àárọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Àlàájà."

"N ò tíì dé Mẹ́kà," ni màmá mi dá a lóhùn. "Jókòó."

Màmá mi wọ yàrá, wọ́n sì gbé ẹ̀gbà náà jáde lórí aṣọ funfun. Ó ń dán gbinrin. Ẹ̀rín kún ẹnu màmá mi. Ọkùnrin náà ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá ni mo fún lé e lórí. Ṣé a máa ń gbé idẹ dúdú fún àlejò ni?"

"Màmá, ẹ ti bà á jẹ́! Ìdọ̀tí yẹn ni mo fẹ́ rà!"

Màmá mi wò ó, wọ́n wo èmi, wọ́n tún wò ó. "Ìdọ̀tí? Ó pọ̀ ní oko. Jẹ́ kí wọ́n mú ẹ lọ, kó o lọ bù ú."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi, tó ti ṣí mínírà fún àlejò, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń bẹ ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà dárúkọ owó mìíràn, owó tí kò lè gbé èèyàn kọjá Ìlọrin. Òun àti àbúrò mi ná an, wọ́n ná an, kò kúrò ní Ìlọrin. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa, tó wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní ọ̀nà kan wà. Ẹnìkan tí òun mọ̀ lè fi oògùn kan ra idẹ náà lára, kó rì í mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ìpẹtà yóò sì padà, ẹni tó wà lókè òkun kò ní mọ ìyàtọ̀. Bí a bá lè pa ẹnu mọ́, òun á san owó ti àkọ́kọ́.

N kò ní purọ́ fún yín. Mo la ẹnu láti sọ pé ó dáa. Mo wo irun funfun tó yọ lábẹ́ gèlè màmá mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n lọ. Bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, èmi gan-an ni ǹ bá tà á.

Màmá mi na ẹ̀gbà kan sí ọkùnrin náà.

"Fọwọ́ bọ inú ẹ̀. Ṣé o rí ibi tó ti tín-ín-rín? Ibẹ̀ ni ẹ̀gbà kan ti máa ń gbá èkejì bí ìyá àgbà bá ń rìn. Ìrìn ló jẹ idẹ yìí. Ìdọ̀tí tí ò ń wá yẹn ló bò ó mọ́lẹ̀."

Ọkùnrin náà fọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi náà fọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lóòótọ́ ni. Apá kan nípọn bí àtàǹpàkò, apá kejì ti jẹ títí ó fi kéré ju ìka ọmọdé lọ. Mo ro iye ìgbà tí obìnrin kan gbọ́dọ̀ ti lọ sí oko, tó ti bọ̀, kí idẹ tó jẹ bẹ́ẹ̀.

"Màmá, Mẹ́kà ńkọ́?" ni àbúrò mi wí.

"Mo fẹ́ lọ Mẹ́kà. Kò sí ọjọ́ tí mi ò tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tèmi ni mo fẹ́ fi lọ. Ìyá yìí kírun, wọn ò tà á. Àwọn ọmọ wọn yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò tà á. Ṣé èmi ni n ó wá ta ẹsẹ̀ wọn?"

Mo dìde, mo di ẹ̀gbà náà sínú aṣọ funfun. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kó mu mínírà rẹ̀ tán, kó máa lọ, àti pé bó bá tún pe fóònù mi, ará mùsíọ́mù ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Kò mu mínírà náà tán.

Àbúrò mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí àwẹ̀ fi dé. Ó ń sọ kiri agboolé pé èmi ni mo dí Màmá lọ́nà Mẹ́kà. Ẹ jẹ́ kó máa sọ. Ní Under G náà, wọ́n ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi idẹ tí kò ṣeé jẹ ṣe. Mo ní ṣé wọ́n máa ń jẹ ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ni. N kò tà á, n kò sì ní tà á. Bí mo bá kú tí ọmọ mi sì tà á, kó yáa mọ̀ pé mo ti bú u sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò sọ fún àwọn tí mò ń bá jà. Lásìkò Hájì tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí màmá mi ní Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra lẹ́nu ọ̀nà agboolé ni. Mo bá màmá mi lórí ẹní nínú yàrá wọn, ẹ̀gbà méjèèjì wà lórí itan wọn, omi ń dà lójú wọn pòròpòrò. Gbogbo ẹnu tí mo ti ń fọ́n fún ayé kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣé kí n pe ọkùnrin yẹn?"

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà èwe mi bí mo bá fọ́ àwo.

"Ẹkún ni mò ń sun," ni wọ́n wí. "Ṣé mo ní kó o pe ẹnìkan ni?"

Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi sun ún tán.