Oòrùn Méjì Lójú Ìyá Olóbì

Oòrùn àárọ̀ a máa yọ́ wọ ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ àwọn tó ń bó gbànja ní Ṣàgámù, a sì bà lé ìdajì ojú ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni olùkọ́ àwòrán kan tó ti fẹ̀yìn tì mú mi lọ, láàárín àwọn ọdún 1990. Mo ti lé lógún ọdún dáadáa kí n tó parí ìwé mẹ́wàá, pátákó ni mo sì ń kọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Ògèrè, nítorí náà mo gbà pé mo mọ ọ̀dà. Olùkọ́ ní kí n fi ọ̀dà olóròóró ya ìyá náà níta gbangba. Bí ó bá dára, òun yóò gbà mí lọ́mọ iṣẹ́. Bí kò bá dára, kí n padà sídìí pátákó. Gbànja ọdún náà sì ti ń tán lọ. Bí lọ́rì bá kó o lọ sí Òkè Ọya, ta ni yóò tún jókòó fún mi?

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yà á láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí òjìji bá ti sún, èmi náà á sún un. Olùkọ́ wá wò ó.

"Oòrùn mélòó ló wà lókè?"

"Ọ̀kan ni, sà."

"Méjì lo yà sí i lójú."

Ó mú ọ̀bẹ, ó ha ojú náà kúrò. Ìyá gbórí sókè nídìí abọ́ rẹ̀. "Olùkọ́, ojú tèmi lẹ ń ha yẹn? Ẹ rọra o, òun lọkọ mi rí tó fi fẹ́ mi." Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò rín.

Láti ọjọ́ kejì ìyẹn, wákàtí kan péré ni mò ń yà lójúmọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kúrò létí ìyá, màá bo kánfáàsì. Àṣé awọ ara wa kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo tí mo máa ń bù nínú agolo. Pupa wà létí, àwọ̀ aró wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá méjèèjì ló kù tí n kò tíì yà tí lọ́rì fi dé wá kó obì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kó ẹrù mi kúrò ní ìsọ̀. Mo bá ìyá níjòókòó, abọ́ òfìfo níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ẹni tó ń bó obì.

"Obì ló tán," ó ní. "Ṣé ọwọ́ mi náà bá lọ́rì lọ ni? Yára, oòrùn ò ní dúró dè ọ́."

Mo parí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Olùkọ́ wò ó títí, ó wá gbé àpótí ọ̀dà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní ká máa lọ.

Mo ti ya ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà. Mo ya ìyàwó mi kí ó tó kú. Wọ́n a máa yìn mí pé ojú mi mọ ìmọ́lẹ̀. N kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹlòmíràn tó jókòó bẹ́ẹ̀ nítorí iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.