Ẹsẹ̀ Mi Tí Títì Gbígbóná Kò Jó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì fi ojú mi rí l'Abobo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán, kẹ́ ẹ wá wo ẹsẹ̀ tiyín.

Ayé ìgbà tí ẹni tó bá ní portable, fóònù alágbèéká, ṣì ń so ó mọ́ ọrùn ni, kí gbogbo èèyàn lè rí i. Télọ̀ ni mí ní Adjamé, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ìjọ aláṣọ funfun kan l'Abobo la sì ń lọ, èmi àti Ìyá Firmin, ìyàwó mi. Ẹ mọ òfin wa: ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ kan, a tò jáde sí títì pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́. Oòrùn ọ̀sán gangan! Ọ̀dà ń yọ́! Gbogbo ìjọ ń fò bíi tata. Èmi ńkọ́? Mo ń rìn jẹ́jẹ́ bí ọba. Àwọn ìyá ìjọ ní áńgẹ́lì ló gbé mi. Ṣé kí n ní rárá ni? Mo tún dín ìrìn mi kù! Papa Gaston nìkan, tá a jọ ń du ipò iwájú, ló tún ń rìn jẹ́jẹ́ bíi tèmi, inú sì ń bí mi sí i.

Nígbà tá a padà wọlé, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí táìlì. Ẹ̀jẹ̀, nínú ilé mímọ́! Mo figbe ta pé kí ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ jáde kíá. Kò sẹ́ni tó mira. Ni mo bá ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀ náà kiri, mo ń wojú àwọn èèyàn bíi pólíìsì. Bí mo ṣe ń yí ká ni ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i.

"Bàbá Firmin," ìyàwó mi pè mí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín sókè."

Mo gbé e. Ìṣó ló wà ní gìgísẹ̀ mi! Ó wọlé tán, orí rẹ̀ nìkan ló kù síta. Mi ò mọ ìgbà tó gún mi. Bí ìjọ ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Firmin wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní diabète, àtọ̀gbẹ yẹn, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ló wà lójú tèmi. Kí ló kan ẹsẹ̀? Dókítà mú okùn ọ̀rá tín-ínrín kan, ó ní kí n di ojú, kí n máa sọ "oui", bẹ́ẹ̀ ni, nígbàkigbà tó bá kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo di ojú. Mo dúró, mo dúró.

"Docteur, ẹ bẹ̀rẹ̀ o!"

"Papa, c'est fini. Mo ti parí."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rín in. Ó wá ṣàlàyé pé ṣúgà ti ba àwọn iṣan tó ń ròyìn ẹsẹ̀ fún ọpọlọ jẹ́. Jíjó tó ti ń jó mi lẹ́sẹ̀ lórí ibùsùn, tó ń gún mi bí abẹ́rẹ́, tí mo ń pè ní ogun ẹ̀mí, ìkìlọ̀ ni. Tí mi ò bá tọ́jú egbò náà, tí ṣúgà ò sì wálẹ̀, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà. Gígé kẹ̀! Ta ló máa wa ẹ̀rọ mi? Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú lójú dókítà.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ mọ́, kódà nínú ilé. Mi ò fo oògùn. Mo ń gbọn bàtà kí n tó wọ̀ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Firmin á gbé dígí sábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọ nù. Òun náà ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi ìwẹ̀ mi wò. Ní ìjọ ńkọ́? Olùṣọ́-àgùntàn wa ní kí n bọ́ sùtánà, kí n wọ ṣòkòtò àti bàtà, kí n jókòó sẹ́yìn. Èmi tí áńgẹ́lì ń gbé! Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Egbò náà pẹ́ kó tó jiná. Nígbà tó jiná, mo dìde jẹ́rìí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Papa Gaston nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìn, ó bá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó rọra sọ pé òun náà kì í mọ̀ pé títì gbóná.

Okùn ọ̀rá kì í wọ́n lápò télọ̀. Mo ní kó di ojú, kó máa sọ "oui". Mo fi kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi kan gìgísẹ̀, mo kàn án yí ká. Ó di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó yá, Papa Firmin," ó ní, "bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, àwa méjèèjì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹsẹ̀ tí kò mọ iná, ẹ má pè é ní ẹsẹ̀ mímọ́ o. Àìsàn ni! Ẹ yẹ tiyín wò lónìí. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nínú yín? Ẹ sọ fún wa. Mi ò ní rẹ́rìn-ín. Ó dáa, díẹ̀ péré.