Ẹ̀bẹ̀ Ọjọ́ Jímọ́

Òórùn ìtọ̀ àti kẹ́rọ́sìn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá yẹn kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Accra la wà, òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àsíá tuntun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè ilé, gbogbo wa sì ń rìn bí ẹni tó ni ìlú. Nínú yàrá lẹ́yìn káńtà àgọ́ náà ni wọ́n ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ni Bùọ̀dá ń ṣe ní àdúgbò Odawna. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ kan wá fún un. Ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá dé, wọ́n ní ẹ̀rọ olè ni. Bùọ̀dá sọ orúkọ ẹni tó gbé e wá, ó júwe ilé rẹ̀ ní ìlú Tema. Kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Ẹni tó wà nílẹ̀ ni wọ́n mú. Àgbàdo tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà nígbà náà, oyún ìyàwó rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ.

Ìwọ náà mọ bí àwa Yorùbá ti máa ń ṣe. Bí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kàn. Lọ́jọ́ Jímọ́ gbogbo, tí wọ́n bá ti kírun tán, olórí àwọn ará ìlú wa á kó àwọn àgbà sẹ́yìn, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi ni wọ́n ń mú dání nítorí pé mo gbọ́ òyìnbó. Èdè Twi tí bàbá yẹn gbọ́ kò ju "mepa wo kyɛw" tí wọ́n fi ń bẹni lọ. Á dọ̀bálẹ̀ tagbádá-tagbádá, á ní kí wọ́n forí ji Bùọ̀dá, ọmọdé ló ń ṣe é. Èmi á túmọ̀ rẹ̀ láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Sájẹ́ǹtì tó jókòó sí káńtà á máa bó ẹ̀pà jẹ.

"Ẹ̀yin Alata," ló wí lọ́jọ́ kan, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn, "tí kò bá jalè, kí lẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ padà wá ní Jímọ́."

A sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. A dúpẹ́, a padà lọ ní Jímọ́, a tún padà lọ, títí ọyẹ́ fi dé. Ìyàwó Bùọ̀dá bímọ, àwọn àgbà sì sọ ọmọ lórúkọ láìsí bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

Jímọ́ kan ni ìyàwó náà pọn ọmọ, ó tẹ̀ lé wa. Gbogbo wa wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, òun dúró. Ó fi Twi bi sájẹ́ǹtì pé, "Ọjọ́ wo lẹ máa gbé e lọ síwájú adájọ́?" Sájẹ́ǹtì fi ẹ̀pà sílẹ̀. Olórí wa jágbe mọ́ obìnrin náà pé ó fẹ́ ba nǹkan jẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló dáhùn. "Kí ló kù tí kò tíì bàjẹ́?"

Láti ibẹ̀ ó gba kóòtù lọ, mo sáré tẹ̀ lé e. Akọ̀wé kóòtù yẹ ìwé ńlá rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí orúkọ Bùọ̀dá. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ méjì péré ni òfin fún wọn láti gbé e wá síbí tàbí kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ta lẹ ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní sájẹ́ǹtì ni. Ó ní kí n kọ̀wé sí adájọ́. Orí bẹ́ǹṣì kóòtù níbẹ̀ ni mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Bùọ̀dá wá síwájú adájọ́. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Adájọ́ béèrè ẹni tó fẹ̀sùn kàn án; kò wá. Ó béèrè ẹ̀rọ. Ẹni tó ni ín ti gbé e lọ tipẹ́. Kí ìyàwó Bùọ̀dá tó ríbi jókòó, wọ́n ti ní kí ọkọ rẹ̀ máa lọ sílé. Oṣù márùn-ún gbáko, fún ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò ní jẹ ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ kan tán kó tó parí!

Nínú ọkọ̀ tròtrò tí a wọ̀ padà, ọmọ ń ké, kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbé òun. Bùọ̀dá yíjú sí mi.

"Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ láti inú yàrá yẹn ní Jímọ́. Ṣé ìwọ náà gbà pé mo jí i ni?"

Mo bínú sí sájẹ́ǹtì yẹn, mo ṣì ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jó mi lára jù ni ohùn ara mi, tó ń tọrọ ìdáríjì fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá mú ọmọ ẹnìkan, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n wá bá àwọn bẹ̀bẹ̀, mo máa ń lọ. Ṣùgbọ́n n kì í bẹ̀. Màá dúró níwájú káńtà, màá béèrè ọjọ́ tí ọmọ náà máa fojú kan adájọ́, ní ohùn tí ẹni tó wà nínú yàrá lẹ́yìn á fi gbọ́.