Walburga àti Yìnyín Rosina

Ọgbọ̀n ọdún ni Walburga Pichler, tí àwọn ará ilé ń pè ní Burgi, ti ń se oúnjẹ fún àwọn onísíkì, àwọn tó ń de pátákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ láti sáré lórí yìnyín, lókè abúlé Hinterlochen, ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń ràn sí. Rosina, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ní ilé oúnjẹ tirẹ̀ lẹ́yìn òkè, níbi tí òjìji kì í kúrò.

Nígbà tí oṣù kẹrin dé, yìnyín iwájú ilé Walburga yọ́ tán, ó ku ẹrẹ̀ àti koríko gbígbẹ. Ti Rosina ṣì funfun báláú. Walburga á máa nu tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó tì, á máa wo àwọn àlejò nínú àga tí okùn irin ń fà kọjá lórí òrùlé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Rosina ni gbogbo wọn ń lọ. Èyí tó tún wá dà bí ata lójú rẹ̀ ni pé Vinzenz, ọkọ rẹ̀, ló ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ́ yìnyín, ẹ̀yìn òkè ló sì ń lọ láràárọ̀.

"Ṣé ọ̀dọ̀ Rosina nìkan ni katakata rẹ mọ̀nà dé ni?" ó bi í lówùúrọ̀ ọjọ́ kan.

Vinzenz ń mu kọfí. "Burgi, kí ni kí n tẹ́ níbí? Ẹrẹ̀?"

"Ó sì fún ẹ ní kéèkì lánàá."

"Ó fún mi. Kò tiẹ̀ dùn tó tìẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tọkọtaya àgbàlagbà kan láti Holland dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n gbé síkì lé èjìká.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo la máa gbà dé ilé oúnjẹ Rosina?"

"Rosina ti tilẹ̀kùn, ó di ọdún tó ń bọ̀." Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́. "Ẹ wọlé, ọbẹ̀ wà."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn á kúkú sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbà, níbi tí yìnyín tó ṣẹ́kù ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Kò pé wákàtí kan, Rosina dé, ó ń fa pátákó kan tí obìnrin Holland náà jókòó sí, orúnkún rẹ̀ ti wú, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn.

"Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abúlé ni mo gbọ́ igbe ọkọ wọn, wọ́n ti ṣubú," Rosina sọ. "Ilé rẹ ló sún mọ́ jù. Gbé omi tútù àti aṣọ wá."

Walburga kúnlẹ̀, ó ń di orúnkún náà. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé wọ́n ti tilẹ̀kùn?"

Rosina wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ obìnrin náà mú títí àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù fi wá gbé e lọ.

"Èmi ni mo parọ́," Walburga ní. "Mo ń jowú yìnyín rẹ. Mo tún jowú kéèkì."

"Kéèkì wo?"

"Èyí tí o fún Vinzenz."

"Èyí tó ti gbẹ, tí ajá mi kọ̀?" Rosina jókòó. "Burgi, ní oṣù kìíní, tí òtútù ń pa èmi nìkan nínú òjìji, tí gbogbo ayé ń yá oòrùn níwájú ilé rẹ, ṣé o mọ ohun tí mo máa ń ṣe? Mo máa ń bẹ Ọlọ́run kó fi ìkùukùu bò ọ́. Ó ti tó ogún ọdún."

Walburga dìde. Ó bu ọbẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kéèkì lọ sí ọsibítù, ó jẹ́wọ́ fún obìnrin náà. Obìnrin náà gba kéèkì.

"Mi ò tíì dárí jì yín," ó ní. "Ẹ padà wá lọ́la."

Walburga padà lọ. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, Rosina bá a lọ.