Páálí Ìdí Ìró

Òórùn àgbàdo sísun tó gbá mi nímú ní àdúgbò Neukölln lónìí tún bí mi nínú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ họ́lídé, ó sì dúró ní èbúté kan ní Mẹ́síkò. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kìlọ̀ pé ká má mú pasipọ́ọ̀tù wọ ìgboro, nítorí olè.

“Ìyá Bùnmi, ẹ jẹ́ ká fi í sí yàrá,” ni Bàbá mi wí.

Màmá mi di ìdí ìró wọn mú, níbi tí wọ́n dì í sí. “Páálí ìrìnnà mi ò ní kúrò lára mi!”

“Mama, bitte!” ni mò ń ké, tí mò ń fi èdè Jámánì bẹ̀ wọ́n.

Nítorí páálí yẹn, orí ọkọ̀ la wà títí ọ̀sán fi pọ́n, tí àwọn ọmọ ẹlòmíì ń jẹ àgbàdo sísun létí omi.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá fi dúró de páálí yẹn ní Hamburg.

Bí mo ṣe ń bínú lónìí, ọwọ́ mi lọ sí àpò àyà kóòtù mi: pasipọ́ọ̀tù mi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì lásán ni mo jáde wá rà.