Géèmù Afárá àti Ọwọ́ Ọ̀tún Àbúrò Mi

Òórùn òrí gbígbóná ló kọ́kọ́ máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Kétu nígbà yẹn. Màmá wa a yọ́ òrí náà pẹ̀lú kánáfùrù lórí sítóòfù, wọn a sì fi ra apá ọ̀tún àbúrò mi ọkùnrin láti èjìká títí dé ọmọ ìka. Bí atẹ́gùn bá wá fẹ́ láti apá Mile 12, òórùn tòmátì tó ti rà a bá a wọlé, àwọn méjèèjì a sì dàpọ̀ di nǹkan kan tí mi ò lè ṣàpèjúwe fún ọ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn òrí nílé ẹlòmíì, ọkàn mi a kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Káfíńtà ni àbúrò mi. Kì í ṣe irú èyí tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì o. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi ọparun àti pákó gbé dẹ́kìn dúró ni, kí wọ́n tó da kọnkéré lé e, tí wọ́n á sì tún yọ igi náà kúrò nígbà tí kọnkéré bá gbẹ. Níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ìṣẹrì Olówóra ló ti jábọ́ láti òkè, èjìká ọ̀tún ló sì fi balẹ̀. Egungun kò kán. Gbogbo wa dúpẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, a ò mọ̀ pé iṣan tó ń gbé apá ti ya níbi ìdí ọrùn. Bí apá náà ṣe rọ nìyẹn, tó kàn ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀wù tí wọ́n sá sórí okùn. Obìnrin tó ń bá a na apá ní ilé ìwòsàn kan ní Gbàgádà sọ fún wa pé iṣan náà lè so padà, ó sì lè má so. Ó ní kí á ṣáà máa lo ọwọ́ náà, kí ó má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Oúnjẹ ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa. Ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì sí oúnjẹ nílé wa, Màmá kì í bi í léèrè, wọn a kàn gbá ọwọ́ náà ni. Òsì la fi ń fọ ìdí, kì í ṣe òun la fi ń bu òkèlè. Àbúrò mi wá kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní fi òsì jẹun, ì báà jẹ́ ṣíbí ni wọ́n fún òun. Ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀tún á mọ̀ pé a ti rí ẹni rọ́pò òun, kò sì ní padà wá mọ́. Màmá ló wá ń bu òkèlè sí i lẹ́nu, ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, wọn a sì máa wo ògiri kí ojú má baà tì í. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń ní kó la ẹnu dáadáa bí ọmọ ẹyẹ, òun náà a sì rẹ́rìn-ín títí tí ọbẹ̀ á fi ta sí i nímú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ìrètí rẹ̀ wà. Ọjọ́ tó bá fi òsì jẹun, á jẹ́ pé ó ti gbà pé ọ̀tún ti lọ nìyẹn.

Obìnrin ará Gbàgádà yẹn náà ló sọ pé bí ọwọ́ náà kò bá fẹ́ràn ìdárayá tí òun ń fún un, kí á wá nǹkan tó lè fẹ́ràn, ì báà jẹ́ géèmù. Mo sọ ọ́ létí ọ̀gá mi obìnrin ní ọ́fíìsì wa ní Òjòtá, òun ló sì gbé ẹ̀rọ géèmù kan tí ọmọ rẹ̀ ti pa tì wá fún mi. Ó gùn tó rúlà ọmọ ilé ìwé, gíláàsì wà láàárín rẹ̀, bọ́tìnnì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ọwọ́ méjèèjì la sì fi ń dì í mú. Ọmọ náà ti pa gbogbo géèmù inú rẹ̀ rẹ́, ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun lọ́sàn-án, mo jókòó sídìí tábìlì mi láti wo irú ohun tí mo fẹ́ gbé lọ bá aláìsàn.

Mo ti rò pé ìbọn ni wọ́n á máa yìn, tàbí kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí mo rí ni àfonífojì kan, omi ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ pupa kékeré kan sì dúró létí rẹ̀ tó gbé ẹyin kan ṣoṣo. Wọ́n fún mi ní pákó díẹ̀ pé kí n fi kan afárá. Òsì la fi ń gbé pákó káàkiri, ọ̀tún la fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí a fẹ́ kó dúró sí. Kò sí ọ̀tá kankan nínú rẹ̀ àfi wíwúwo. Pákó tó gùn a tẹ̀ láàárín, a dún kíìn-kíìn bí ilẹ̀kùn tó nílò epo, ọkọ̀ a wá wọ inú omi, ẹyin a fọ́. Mo pariwo nígbà àkọ́kọ́, èmi àgbàlagbà. Kí n tó mí, pákó gbogbo ti padà sí àyè wọn, ẹyin ti padà sínú ọkọ̀, ó dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo gbá a bẹ́ẹ̀ títí àwọn tó lọ jẹun fi dé, mi ò fi nǹkan kan kan ẹnu. Iṣẹ́ àbúrò mi gan-an ni wọ́n sọ di ohun ìṣeré yìí, àtàǹpàkò ọ̀tún ló sì nílò. Mo sọ fún ara mi pé Ọlọ́run ló rán an sí wa.

Mo bá a gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé e lálẹ́ ọjọ́ náà, mo to ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi àtàǹpàkò rẹ̀ sórí bọ́tìnnì, mo sì fi tèmi lé e. Òsì rẹ̀ ń gbé pákó, èmi ń bá a fi ọ̀tún tẹ̀. Afárá àkọ́kọ́ wó. Ó wo bí pákó ṣe ń padà sí àyè wọn, ó fajú ro, ó bi mí pé irú igi wo ló jábọ́ láti òkè tó bẹ́ẹ̀ tí kò ya. Mo ní géèmù ni. Ó tún kàn án, ọ̀nà tó ń gbà ṣe é níbi iṣẹ́ ló sì gbà: ó fi igi ti ìsàlẹ̀, ó fi igi dábùú, ó tún fi òmíràn ti èyí tó dábùú. Pákó tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé àárín omi. Afárá náà le koko, erin ìbá gba orí rẹ̀ kọjá, àmọ́ kò dé òdìkejì. Mo wá ṣàlàyé fún un pé ẹni tí igi rẹ̀ bá kéré jù ni géèmù náà ń yìn, pé ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń dá a lọ́lá.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹni tó ṣe géèmù yìí kò tíì dúró lábẹ́ dẹ́kìn rí."

Síbẹ̀ kò gbé e sílẹ̀. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, a jókòó sórí ẹní, ọwọ́ mi á wà lórí ọwọ́ rẹ̀. Mo wá di ẹni tí kì í wo gíláàsì mọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni mo ń dẹ bí ẹni tó ń dẹ eku. Nígbà kan ó mì. Ó dá mi lójú pé ó mì, mo sì pe Màmá láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n sáré wọlé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Àbúrò mi jẹ́ kí wọ́n kọ ẹsẹ kan. Ó wá rọra sọ pé ìka mi ló ti òun, kì í ṣe òun ló mì. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò, a jọ wò ó, àtàǹpàkò náà sùn sórí bọ́tìnnì bí wọ́n ṣe gbé e sí. Màmá kò pa orin náà dà, wọ́n kàn jẹ́ kó tán lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń padà lọ sídìí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Wọ́n tún fi òrí ra á lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ sí ọjà èso ní Ìkòsí. Bí mo ṣe ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ilé wa ni mo gbọ́ aago kékeré tí géèmù yẹn máa ń lù nígbà tí ẹyin bá kọjá láyọ̀. Mo dúró. Ó tún dún. Màmá wà níta níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ iná, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wọn kọjá ni, èmi sì rèé. Kò sẹ́ni tó wà ní yàrá náà tó lè bá a fi ọ̀tún tẹ bọ́tìnnì. Mi ò lè purọ́ fún ọ, mi ò mọ ìgbà tí ọsàn já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré, mo ń dúpẹ́, mo ń sunkún pa pọ̀. Nínú ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ yẹn, mo ti rí i tó gbé òòlù, mo ti rí i tó ń bu òkèlè fúnra rẹ̀.

Orí ẹní ló jókòó sí. Ó ti gbé ẹ̀rọ náà dúró lóòró sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó fi orúnkún há a mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àtàǹpàkò òsì ń tẹ bọ́tìnnì òkè, ìka tó kéré jù ń tẹ ti ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere bí ẹni tó ń hun agbọ̀n. Ó ti kọjá àfonífojì ńlá tó ti dá wa dúró láti ọjọ́ pípẹ́, ìràwọ̀ sì kún ojú gíláàsì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ó rí omijé mi, ó sì mọ ohun tí mo ti rò kí n tó wọlé.

"Àǹtí mi," ló wí, "láti àárọ̀ ni mo ti ń gbá a. Mi ò rántí rẹ̀ rárá. Ìgbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mo ní ọ̀tún."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ará Gbàgádà ní kó máa ṣe é, pé kó jẹ́ kí n bá a gbé ọ̀tún lé e báyìí. Ó ní kí n jọ̀ọ́. Kò bínú, ìbá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì nà án sí mi.

Màmá gbé ẹ̀bà wọlé, wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Ó ní kí wọ́n sún omi ìfọwọ́ mọ́ òun. A máa ń pa á lówe pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Mo wá rí ọwọ́ òsì kan ṣoṣo tó ń wẹ ara rẹ̀ nínú abọ́, tó ń fi ara ra etí abọ́ kí ìdọ̀tí lè kúrò. Màmá di àwo mú, wọn ò gbé e sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọ̀tún ń bọ̀, ọmọ mi. Fara balẹ̀ fún un."

Ó ní, "Màmá, ẹ̀bà ń tutù."

Wọ́n gbé àwo sílẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, ó bu òkèlè tó rí wúruwùru, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀. Mo rí ọwọ́ Màmá tó gbéra, ó dá mi lójú pé wọ́n fẹ́ gbá ọwọ́ náà bíi ti ìgbà kékeré wa. Ó dúró lójú òfuurufú díẹ̀. Wọ́n wá fi sún ẹran sí apá òsì àwo, kí ó lè rọrùn fún un láti mú.

Wọn ò yọ́ òrí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Géètì ẹ̀sítéètì kan ni àbúrò mi ń ṣí báyìí, bí àgbàlagbà bá sì na nǹkan sí i, òun a gbà á, a ní kí wọ́n má bínú, òsì ni. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé géèmù yẹn ló gbà á là, pé òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan gbé ayé. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Èmi ti rò pé dókítà kan ló máa pè wá jókòó lọ́jọ́ kan láti sọ fún wa pé ó ti tán, a ó sì sunkún, a ó sì lọ sílé. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ títí di òní. Inú àbúrò mi dùn nídìí géèmù náà láti àárọ̀ dé ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ṣubú, inú ìdùnnú náà ló sì ti gbàgbé ọwọ́ tí gbogbo wa ń dúró dè. Èmi ni mo gbé ìdùnnú yẹn wọlé fún un.