Mo Jẹ́rìí Ilé Onítáyà Kí N Tó Rà Á

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gba máìkì, mo sì jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti fún èmi àti ìyàwó mi ní ọkọ̀ tó ní ilé nínú. Ọkọ̀ náà ṣì wà ní yáàdì ibi iṣẹ́ mi. Mi ò tíì san kọ́bọ̀. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi kàn sọ lọ́jọ́ Ẹtì pé àwọn fẹ́ tà á ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹni tó ṣáájú yín bá jẹ́rìí ìwé ìgbélùú, tí gbogbo ilé hó yèè. Ẹnu a máa yún èèyàn. Mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa, ilé onítáyà ti dé!" Pásítọ̀ fò sókè. Kí n tó padà jókòó, wọ́n ti dá ọjọ́ tí gbogbo ìjọ máa wá yí ọkọ̀ náà ká, tí wọ́n á gbàdúrà sí i, tí wọ́n á sì ta òróró sí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyàwó mi, Ìyá Ṣọlá, kò bá wọn pariwo. Ó kàn ń wò mí láti orí ìjókòó rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Ní Trafford Park, ní Manchester níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi mọ́tòhóòmù háyà. Èmi ni mò ń tún ọkọ̀ ṣe tí ẹnì kan bá dá a padà, kí ẹlòmíì tó wá gbé e. Mọ́tòhóòmù ni ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ yàrá sí lẹ́yìn: ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ibi ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú àyè tí kò tó pálọ̀ bàbá mi ní Ṣàgámù. Bíríkìlà ni mí nílé kí n tó tẹ̀lé ìyàwó mi wá síbí nígbà tó rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ilé tí mo mọ̀, ibi tí o bá kọ́ ọ sí lo máa bá a. Ilé tó ń rìn kiri, láti ọjọ́ kìíní ló ti ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ kìíní yẹn, Derek ni wọ́n ní kó kọ́ mi níṣẹ́. Mẹkáníìkì ni, òyìnbó ará Salford, irun rẹ̀ ti funfun tán, ife tíì kì í sì í jìnnà sí i. Ó ní kí n fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ kan. Mo tẹ bọ́tìnnì omi, omi ò jáde. Kí ni ọmọ Ṣàgámù máa ń ṣe tí omi ò bá jáde? Mo lọ pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì dà á sí i pẹ̀lú agbára, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ó lọ. Mo tún pọn òmíràn. Ìyẹn kò lọ mọ́. Ó yíjú padà, ó ń bọ̀ wá bá mi.

Derek ti wà lẹ́yìn mi. "Sunday, níbo lo rò pé omi yẹn ń lọ?"

"Inú páìpù."

"Páìpù wo? Ọkọ̀ lo wà nínú rẹ̀!"

Ó mú mi lọ sí ìta, ó ṣí ìlẹ̀kùn kékeré kan lára ọkọ̀ náà, ó sì fa àpótí oníke kan jáde. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Inú rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń lọ, èèyàn kan ló sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ dà nù. Ní yáàdì tiwa, èmi ni èèyàn yẹn. Derek rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ọkọ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó lọ mú mọ́ọ̀pù méjì wá, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ara rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ọkọ̀ tí mo lọ jẹ́rìí sí, Nọ́ḿbà Méje la máa ń pè é. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ àbúrò rẹ̀, mo sì mọ àwọn tó ti gbé e. Àwọn ìyá àgbà méjì kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, máa ń gbé e lọ sí Scotland lọ́dọọdún. Wọ́n á fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dá a padà, débi pé ojú á máa tì mí láti tún un fọ̀. Àwọn ọmọge kan gbé e lọ ṣe fàájì nígbà tí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn ku díẹ̀. Títí dòní mo ṣì ń ṣa nǹkan dídán wíńníwínní wọn nínú kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá kan sì wà tó gbàgbé pé ilé lòun gbé lẹ́yìn, ó fẹ́ gbà á kọjá lábẹ́ irin tó dábùú ẹnu ibi ìgbọ́kọ̀sí kan. "Mo kàn gbọ́ gbàù ni," ló sọ fún wa, bí ẹni pé irin yẹn ló wá bá a nílé.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ni pé Ìyá Ṣọlá fẹ́ òkun. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé àwọn arúgbó. Láti ìgbà tí a ti dé Manchester, yàrá ẹlòmíì ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá a. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná: "Bàbá Ṣọlá, kí orúnkún mi tó kọṣẹ́ sílẹ̀, mo fẹ́ jí létí òkun. Kì í ṣe pé kí n lọ wò ó kí n sáré padà o. Mo fẹ́ jí níbẹ̀." Owó tí a kó pamọ́, òógùn rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí mo bá fi ra ọkọ̀ tí kò dáa, ojú wo ni mo máa fi wo orúnkún yẹn?

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá Derek nídìí tíì rẹ̀.

"Ṣé ẹni tó gbọ́n máa ń ra ọkọ̀ tí wọ́n ti fi háyà?"

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù níbẹ̀?"

"Gbogbo ayé ló ti wà á. Nǹkan tí gbogbo ayé ń lò, ta ló ń tọ́jú rẹ̀?"

"Ìwọ ni," ó ní. "Èmi náà sì ni."

Ó wá là á yé mi. Ó ní tí ọkọ̀ háyà bá kú sórí òkè, ilé iṣẹ́ ló máa lọ wọ́ ọ bọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeré. Ọkọ̀ tó yẹ kí n sá fún ni ti ẹni tó rà á, tó gbé e sábẹ́ igi fún ìgbà òtútù méjì: rọ́bà á gbẹ, bátìrì á kú, eku á sì kó wọlé láìsan owó ilé. Ibi tí ọwọ́ ń kàn ló máa ń gbó lára ọkọ̀ háyà: ẹsẹ̀ tábìlì, ẹnu ẹ̀rọ omi, kọ́kọ́rọ́ àpótí. Àwọn yẹn, èmi àti òun la ti ń pààrọ̀ wọn. Ọ̀tá gidi ni ọ̀rinrin. Pátákó ni egungun ilé tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Tí omi bá rí ihò gbà wọlé láti orí, pátákó á máa jẹrà nínú ògiri, ojú ògiri á sì máa rẹ́rìn-ín sí ọ.

A wọ inú Nọ́ḿbà Méje lọ. Derek kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan ògiri. Ibi tó dáa á dún kó, kó, ibi tó ti rà á dún pọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́bàá ibi ìwẹ̀. Ó le. Ó fún mi ní ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké tó bá kan omi, mo sì ń fi í tẹ igun kọ̀ọ̀kan. Kò ké. Kò ké. Nígbà tó dé òkè ibùsùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé orí òrùlé, ó ké fíííì!

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ńṣe ni inú mi dùn.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Derek béèrè.

"Ọ̀rinrin wà!"

Ó gun àkàbà, ó wò ó. "Rọ́bà etí fèrèsé ló gbó. Omi ò tíì dé inú pátákó. Màá ti pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó jẹun ọ̀sán."

Inú mi bà jẹ́.

Síbẹ̀, mo gbé ọ̀rinrin mi délé bí ẹni gbé ẹran ọdún. Mo ní, "Ìyá Ṣọlá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí o, a bá ọ̀rinrin nínú rẹ̀."

"Ọ̀rinrin wà lára ògiri yàrá wa níbí," ó ní. "Ṣé a ti kó jáde?"

"Níbo la máa gbé e sí? Àjà kọkànlá la wà."

"Ọ̀gá yín ní kí ẹ máa gbé e sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì yáàdì yín."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Derek. Mo pè é."

Ó ń bó iṣu lọ.

"Bàbá Ṣọlá, ṣé ẹ fẹ́ rà á àbí ẹ ò fẹ́?"

"Mò ń rò ó ni."

"Ẹ ò rò ó nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó ku ìtìjú. Mo rò ó pé bóyá ẹnu tí mo ti fi jẹ́rìí ló ń tì mí síwájú, pé èmi fúnra mi ò fẹ́ ẹ. Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo fa Pásítọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọdé ni sí mi, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé.

"Pásítọ̀, ẹ̀rí tí mo jẹ́ yẹn... mi ò tíì ra ọkọ̀ náà o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, a mọ̀. Mọ́mì ti sọ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ̀rí kì í ṣe gbèsè, sà. Tí ọkọ̀ náà ò bá dáa, ẹ dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ní Ọlọ́run yọ yín nínú ọkọ̀ burúkú. A máa jó ju ti àkọ́kọ́ lọ."

"Òróró táyà ńkọ́?"

"Òróró kì í bàjẹ́, Dádì."

Bó ṣe gba ìtìjú lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí mo ṣe ń rìn lọ sí ibi bọ́ọ̀sì, mo rí i pé nǹkan kan ṣoṣo ló kù, èmi nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọdún tí mo ti ń fọ ọkọ̀ wọ̀nyí, mi ò wa ọ̀kankan kọjá géètì rí. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ibi ìfọkọ̀, kí n tún rọra dá a padà, ibẹ̀ ni mo gbóyà mọ. Tí wọ́n bá ní kí n gbé e dé òpópónà, màá ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ̀yìn yẹn ti dùn mí tó fi di ìtàn ní yáàdì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Ṣọlá bá mi lọ. Derek ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ẹ gbé e yí àdúgbò po, kí ẹ padà wá sọ èrò yín." Mi ò lè sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí lójú ìyàwó mi, òun ló fi ìpara pa á lálẹ́ àná, ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Mo jáde ní géètì bí ẹni tó ru ẹyin. Níbikíbi tí mo bá wo dígí, mo ń rí ògiri funfun kan tó ń lé mi bọ̀. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé èmi ni mo wọ́ ọ. Ṣíbí ń dún wàràwàrà nínú àpótí lẹ́yìn. A dé ráńdábáòtù, mo dúró kí ọkọ̀ dá. Ọkọ̀ kì í dá ní Trafford Park. Tírélà kan dé ẹ̀yìn mi, ó fun fèrè, mo lọgun Jésù, mo sì pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo tún tan án, mo rọra wọ́ ọkọ̀ lọ sí etí ọ̀nà, mo sì gbé ọwọ́ lé orí.

Ìyá Ṣọlá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ń wo iwájú.

Mo ní, "Ìyá Ṣọlá, ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ọ̀rinrin. Kì í ṣe ibi tí a máa gbé e sí. Ọkọ̀ yìí dáa. Èmi ni mi ò lè wà á dé etí òkun."

Ó kọjú sí mi. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ń gbé e mì.

"Ta ló ń fi bọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wa gbé àwọn màmá lọ sí ọsibítù, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn, pẹ̀lú ariwo wọn?"

"Ìwọ ni."

Ó ti tú bẹ́líìtì rẹ̀. "Mo ní mo fẹ́ jí létí òkun. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé ẹ̀yin lẹ máa wakọ̀ gbé mi débẹ̀? Ó yá, Bàbá Ṣọlá, ẹ sún."